504 bàbá wa: ohun tá a pààrọ̀ nínú ẹ́ńjìnì ẹ̀ àtèyí tá a dá padà síbi tá a ti bá a

Mọ́tò tí mò ń sọ yìí, Peugeot 504 ni, berline (onílẹ̀kùn mẹ́rin), ẹ́ńjìnì XN1, 1971 cc, sìlíńdà mẹ́rin, ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 88 mm, písítìnì ń lọ sókè sódò 81 mm, kábúrétọ̀ Solex ló wà lórí ẹ̀. Bàbá wa tó ti dolóògbé ló ni ín, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí náà ló sì ti ń rìn látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Tonton, àbúrò bàbá wa, ló ń gùn ún báyìí, ìyẹn lọ́jọ́ tó bá wu mọ́tò náà láti gbéra, torí àìsàn ẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Láàárọ̀ á tú èéfín funfun. Omi rédíétọ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ títí, ẹ ò ní rí ẹ̀kán omi kan nílẹ̀. Tó bá wá dórí afárá tá a ń gbà wọ̀lú látọ̀nà Kùtọ́nù, tẹ́ ẹ tẹná mọ́ ọn, èéfín búlúù ni, àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn á máa ṣépè.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó wò ó ò tíì ṣí bónẹ́ẹ̀tì tán tó fi ní ká lọ ra ẹ́ńjìnì tokunbo ká jù ú síbẹ̀, ó parí. Èmi ò gbà. Berline 504 yìí, Faransé ti dá a dúró láti 1983, Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975 ló ṣì ń bá a lọ títí wọ àwọn ọdún 2000, torí náà ẹ́ńjìnì tokunbo tí wọ́n bá tà fún ẹ lónìí lè ju tìẹ lọ́jọ́ orí, o ò sì mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa, ó kéré tán, ilé kan ṣoṣo ló ti ń jẹun. Tonton tiẹ̀ ń búra pé spánà ò wọnú ẹ̀ rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Tonton yẹn sápò ná, a máa padà sórí ẹ̀.

Nítorí náà títú la máa tú u. Kí la wá máa pààrọ̀? Ẹbí dá 400,000 sẹ́ẹ̀fà jọ, owó yẹn ò lè ra gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ́ńjìnì, èmi náà ò sì tíì tú ẹ́ńjìnì rí láyé mi, iná ilé ni mò ń fà, mo kàn fẹ́ràn kí n mọ ìdí nǹkan ni.

Ká tó mú spánà la kọ́kọ́ wọn kọ́m̀pírẹ́ṣàn, ìyẹn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Sìlíńdà kìíní 10 bar, ìkejì 9.5, ìkẹta 6, ìkẹrin náà 6. Bí méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá rẹlẹ̀ pa pọ̀ báyẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì culasse, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì, lèèyàn á kọ́kọ́ fura sí, pé ó ti jó láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn a da ọ́ìlì díẹ̀ gba ihò pílọ́ọ̀gì wọlé sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, a tún un wọ̀n. Ìkíní àti ìkejì gòkè dé nǹkan bíi 12, ìkẹta àtìkẹrin ò fi bẹ́ẹ̀ mira. Bí ọ́ìlì bá gbé nọ́ńbà sókè, ríìngì ló ń jò, torí ọ́ìlì ló dí àlàfo ibẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tí ò bá gbé e, afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíì jáde, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Àìsàn méjì ló wà lára mọ́tò wa nígbà náà: ríìngì ti gbó níbi gbogbo, títí kan àwọn sìlíńdà tá a rò pé wọ́n dáa, omi àti iná sì ti ríra wọn ní ọ̀nà ìkẹta sí ìkẹrin.

Ọ̀gá tá a wá gbé e fún ní Djassin, àgbàlagbà ni, orí 504 taxi tó ń ná Pobè sí Kétu ló ti kọ́ṣẹ́. Bó ṣe ṣí culasse yẹn nìkan ti tó kéèyàn sanwó fún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á sókè. Ó ki irin gígùn méjì bọ ihò bọ́ọ̀tù, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ títí tó fi já fúnra ẹ̀. Ìdí ni pé nínú ẹ́ńjìnì yìí, ara bulọ́ọ̀kù kọ́ ni písítìnì ti ń rìn, inú chemise ni, irin róbótó mẹ́rin tó ṣeé fà yọ, omi ló yí wọn ká látìta, síìlì kékeré kan ló sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń dí omi kó má ṣàn sínú ọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá fa culasse sókè tagbáratagbára, tàbí tẹ́ ẹ yí kíráńkì (irin tí písítìnì ń yí nísàlẹ̀) lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣí i, chemise á sún, síìlì yẹn á já, ìpinnu ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn, ẹ máa tú gbogbo ẹ̀ bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀. Bí culasse ṣe kúrò báyìí, ó fi bọ́ọ̀tù àti wọ́ṣà ńlá tẹ àwọn chemise mọ́lẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun míì. "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná," ló wí, "a ò tíì mọ èyí tó máa lọ."

Ẹni tó ń ta pààtì l'Ouando ti ní kit kíkún lọ́wọ́, písítìnì, chemise, coussinet (àwọn irin fẹ́lẹ́ tí kíráńkì ń yí nínú wọn), gásíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ nínú páálí kan, ó sì ń pè mí lórí fóònù ṣáá. Tonton náà ní, "Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, ká sinmi." Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n tuntun ọjà wa yìí, èèyàn ò lè fojú ẹ̀ nìkan gbà á. Irin tí wọ́n rọ ní Faransé nígbà yẹn, tó bá ṣì wà nínú ìwọ̀n, mo gbà pé ó sàn ju èyí tó wà nínú páálí tí wọ́n kàn tẹ àmì kìnnìún sí. Òfin tí mo wá fún ara mi ni pé palmer (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó) ló máa sọ̀rọ̀ kí àpò owó tó sọ̀rọ̀, àyàfi nǹkan kékeré olówó pọ́ọ́kú tó jìn sínú, tó jẹ́ pé kéèyàn padà lọ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú máa gba títú gbogbo ẹ̀. Àwọn yẹn, yálà wọ́n dáa tàbí wọn ò dáa, wọ́n ń lọ.

Chemise àti písítìnì la fi bẹ̀rẹ̀ torí àwọn ló gbówó lórí jù. Mo fi èékánná wọ́ ọ látòkè sílẹ̀, ó há mọ́ ètè kan lókè níbi tí ríìngì máa ń dé kó tó yí padà. A wọn ihò: nísàlẹ̀ tí ríìngì kì í dé 88.02, lókè 88.17, ìyẹn 0.15 mm ti lọ. A yọ ríìngì àtijọ́ kan, a tì í wọnú chemise, a wọn àlàfo ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú abẹ tín-ín-rín, 1.1 mm, níbi tó yẹ kó wà ní bíi 0.3 sí 0.45. Ẹnì kan ní ká fi òkúta họ chemise díẹ̀ ká fi ríìngì tuntun sí i, owó kékeré. Tí ìjẹ náà bá kéré, mo máa gbà. Ṣùgbọ́n ihò tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ríìngì tuntun á máa ṣí á máa pa nígbà gbogbo tó bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀, láìpẹ́ èéfín búlúù á tún padà wá kí wa lórí afárá.

Ohun tó wá parí àríyànjiyàn ni ìgbà tí Ọ̀gá fa chemise kẹrin jáde. Inú ẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí omi ti ń kàn án, ìpẹtà ti gbẹ́ ẹ ní kòtò kòtò, ọ̀kan nínú wọn gba orí ìṣáná. Omi kànga lásán ni wọ́n ti ń dà sínú ẹ̀ látọdúnmọ́dún, kò sí coolant. Kò sí ohun tá a lè họ nínú tó máa wo ẹ̀yìn sàn. Set mẹ́rin tuntun, chemise pẹ̀lú písítìnì àti ríìngì ẹ̀, torí wọ́n máa ń ta wọ́n ní méjì-méjì tó bára wọn mu, kò sì bójú mu kéèyàn ra ọ̀kan péré.

Mi ò ra ti inú páálí yẹn sá. Mo bẹ ẹni tó ń tà á l'Ouando kó yá mi písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wákàtí kan, mo kó wọn lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan tí mo mọ̀ nítòsí ọjà ńlá, a gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Èyí tó wúwo jù fi 14 giramu ju èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Nínú nǹkan tó ń lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀rún ìgbà níṣẹ́jú kan, ìyàtọ̀ yẹn máa di gbígbọ̀n, gbígbọ̀n á wá jẹ coussinet. Mo dá a padà. Èyí tá a rí ní Kùtọ́nù lẹ́yìn náà wọ́n ju ti Ouando lọ díẹ̀, ìyàtọ̀ ìwúwo wọn ò ju 3 giramu lọ, mo rà á.

Ó wá kan kíráńkì. Tọ́ọ̀nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ họ irin, ti ní ká gbé e wá kóun rectifier ẹ̀ (kóun họ ọ́ kó tún dọ́gba), bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn, iṣẹ́ wọn ni. Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn coussinet. A fi àkísà àti pẹtiróòlù nù ún, ọ́ìlì dúdú kúrò, nọ́ńbà kékeré kan yọ: 0.25.

Gbogbo wa wo Tonton. Ẹ́ńjìnì tí spánà ò wọ̀ rí, ta ló wá họ kíráńkì ẹ̀ ní 0.25 mm, tó fi coussinet tó nípọn jù ti ilé iṣẹ́ lọ sí i? Tonton ní bóyá bàbá yín ló gbé e lọ tí ò sọ fóun, ó ṣeé ṣe, bàbá wa kì í ròyìn. Inú kit kíkún Ouando, coussinet STD ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n kíráńkì tí wọn ò họ rí. Ká ní a ti rà á ká tó tú u, tàbí ká tò ó wọlé láìwo ẹ̀yìn èyí tó jáde, kíráńkì á máa mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀ nínú coussinet, ọ́ìlì ò ní lágbára kankan, a ò sì ní mọ ìdí. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tó ń béèrè pé kí wọ́n má ra pààtì kankan kí ẹ́ńjìnì tó wà nílẹ̀ ní ṣíṣí, kò sí bí ẹ ṣe mọ ìtàn mọ́tò yín tó.

A fi palmer wọn ibi tí coussinet ń jókòó lé, ọ̀nà méjì níbi kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù 0.02 mm, kò sí ilà tó ń há èékánná. Kíráńkì yẹn dáa. Tọ́ọ̀nà fẹ́ gbé e lọ sí 0.50, mo ní rárá, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá họ kíráńkì, ọjọ́ ayé ẹ̀ ń kúrú ni, ìwọ̀n coussinet tó wà fún un kì í ṣe àìlópin, kí ló dé tí mo máa fi ná ìkan lórí ohun tí ò ṣàìsàn? A kàn ní kó dán an. Coussinet ni wọ́n ò ṣeé dá padà, ti bielle (apá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) kẹta pàápàá ti jẹ débi pé bàbà pupa tó wà lábẹ́ ti ń yọjú. Ìkẹta yẹn náà ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, omi tó bọ́ sínú ọ́ìlì ni ò jẹ́ kí ọ́ìlì lè dáàbò bò ó mọ́. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọn ò ní 0.25 l'Ouando, wọn ò ní i ní Kùtọ́nù, ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó la ti rí i, ẹnì kan tó ń ná Sẹ̀mẹ̀ ló bá wa mú un bọ̀. Lẹ́yìn tá a tò ó, a fi okùn rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Plastigage sáàárín, a dè é, a tún un tú, a fi ìwé ìwọ̀n ẹ̀ wo bó ṣe tẹ́ tó: 0.05 mm. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Culasse ló pẹ́ jù. Alumíníọ̀mù ni, bulọ́ọ̀kù jẹ́ irin, omi lásán láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ló máa ń sanwó ẹ̀. Létí ihò omi láàárín ìkẹta sí ìkẹrin, ó ti jẹ títí dé ibi tí òrùka gásíkẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀. A gbé irin títọ́ lé e, abẹ 0.12 mm kọjá láàárín, tó yẹ kí 0.05 pàápàá há. Ẹnì kan ní culasse tokunbo kan, Ọ̀gá da pẹtiróòlù sínú ẹ̀, ó rí ibi tó sán láàárín fáàfù, a sá. A gbé tiwa fún ẹni tó ń jó alumíníọ̀mù ní Kùtọ́nù kó dí kòtò yẹn, tọ́ọ̀nà wá họ ojú ẹ̀, mo sì dúró tì í kó má họ ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń họ culasse ni kọ́m̀pírẹ́ṣàn ń gòkè, kpayo, pẹtiróòlù fàyàwọ́, ni wọ́n sì ń rà sínú ọ̀pọ̀ mọ́tò níbí, inú ìgò létí títì, ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì tí kọ́m̀pírẹ́ṣàn ẹ̀ ga jù á máa lu gbàgbàgbà tẹ́ ẹ bá fi irú ẹ̀ gun òkè.

Fáàfù tó ń gba èéfín jáde, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la pààrọ̀ pẹ̀lú ihò tí wọ́n ń rìn nínú ẹ̀, torí ti ìkẹta ti jó létí, àwọn yòókù sì ń mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀. Àwọn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, gírísì oníyanrìn tí wọ́n fi ń lọ fáàfù la fi lọ̀ wọ́n mọ́ ìjókòó wọn, a da pẹtiróòlù lé wọn lórí, kò jò, wọ́n padà.

Àwọn kéékèèké tó jìn sínú tí mo ní wọ́n ń lọ láìwọ̀n: ṣéènì tó ń yí káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù) àti ohun tó ń fa ṣéènì náà le, gbogbo síìlì ọ́ìlì, gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ìdérí róbótó tó dí ihò omi bulọ́ọ̀kù (Ọ̀gá fi skrú kan ọ̀kan, ó wọlé lọ bí ẹni gún bọ́tà), rọ́bà omi, àti díìsì kílọ́ọ̀ṣì. Díìsì yẹn ṣì lè rìn díẹ̀ o, ṣùgbọ́n gíà ti wà nílẹ̀, owó iṣẹ́ àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ju owó díìsì lọ. Pọ́ǹpù omi tuntun náà, tàtijọ́ ti ń fẹ́sẹ̀ gbọ̀n.

Tẹ́mósítàtì, a ò tiẹ̀ rí i láti pààrọ̀, ẹnì kan ti yọ ọ́ dànù tipẹ́. Èmi àti Ọ̀gá jà lórí eléyìí. Ó ní ìlú wa gbóná, mọ́tò ò nílò ẹ̀, òun ti yọ ọ́ nínú taxi tí ò lóǹkà. Mo ní iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe kó mú ẹ́ńjìnì gbóná jù, kó tètè dé ìwọ̀n tó yẹ kó wà ni, bíi 80°C sókè, kó dúró síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ń rìn ní tútù, pẹtiróòlù tí ò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára chemise, chemise tuntun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lówó gọbọi. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó fi sí i. Coolant náà wọlé, èyí tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù, a pò ó mọ́ omi tí ò níyọ̀.

Ohun tá a fi sílẹ̀ pọ̀ ju bí Tonton ṣe fẹ́ lọ. Káàmù àti tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (àwọn irin kékeré tí káàmù ń tì sókè): abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì ń dán, kò sí kòtò, a tò wọ́n sínú páálí ẹyin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jáde, kálukú padà sílé ẹ̀, torí wọ́n ti mọ ara wọn, ẹ ò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Pọ́ǹpù ọ́ìlì: jíà inú ẹ̀ ò fàyè sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ, a fọ̀ ọ́ nìkan. Bielle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tọ́. Bọ́ọ̀tù culasse, ojú òwú wọn mọ́, kò sí èyí tó tín-ín-rín láàárín. Kábúrétọ̀, a tú u, a fọ̀ ọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nìkan ló di tuntun, a wá fi fílítà kan síwájú ẹ̀ nítorí ìdọ̀tí kpayo. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé ti ń sán, mo fi í sílẹ̀ nítorí pé látìta lèèyàn ti lè pààrọ̀ ẹ̀ nígbàkigbà tówó bá dé.

Owó náà di 462,000 sẹ́ẹ̀fà ká tó ṣe tán, jíjó alumíníọ̀mù àti owó ọ̀nà coussinet ló gbé e kọjá. Ká ní a họ kíráńkì, tá a ra káàmù àti pọ́ǹpù ọ́ìlì bí wọ́n ṣe fẹ́, mọ́tò náà ì bá ṣì wà lórí òkúta.

Nígbà títò, Ọ̀gá fi irin títọ́ wo bí chemise ṣe yọ sókè lórí bulọ́ọ̀kù, ó gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà mélòó kan péré, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ò ní há dáadáa. Ìkejì rẹlẹ̀ díẹ̀, ó fi síìlì tó nípọn jù sábẹ́ ẹ̀, ó tún un wọ̀n. A yí ẹ́ńjìnì láìsí pílọ́ọ̀gì títí iná ọ́ìlì fi kú, ká tó jẹ́ kó jóná fúnra ẹ̀.

Kọ́m̀pírẹ́ṣàn báyìí, 11.5 sí 12 ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi ò dín kù. Lórí afárá, kò sí èéfín. A ti da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù ní 500 km, ẹrun irin díẹ̀ wà nínú ẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà. Gíà kejì ṣì ń ké, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Tonton ti ń múra àtigbé e lọ sí Kétu lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, bọ́ọ̀tù culasse ẹ́ńjìnì ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ tún gba dídè lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀, 1,000 km la sì fi í sí. Ó ku 280.